Fèrèsé Ojú Ọ̀nà

Ìkọ́ irin tó di pákó fèrèsé mú ti dógùn-ún. Maryse fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó kọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, irin sì gé e níka. Ìgbà tó yá, ìkọ́ já wálẹ̀, pákó méjèèjì sì yí wá pàdé ara wọn pẹ̀lú igbe bíi ti ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Yàrá ìdáná ṣókùnkùn. Oòrùn oṣù kọkànlá, tó rẹlẹ̀, tó tutù, tó sì ti ń gún ìyá rẹ̀ lójú láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán, kò rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Fernande, ìyá rẹ̀, kò jí. Ó sùn lórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò onígi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ó ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún tipẹ́. Bí ó ṣe wà nínú òkùnkùn yẹn, bí ọmọdé tí wọ́n gbé sórí ibùsùn àgbà ló rí.

Inú Maryse dùn pé oorun gbé e lọ. Kì í ṣe nítorí ìsinmi ìyá nìkan. Láti òwúrọ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ bí omi gbígbóná, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Yàrá kan ti ṣófo ní ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí ibi tí òun ń gbé nílùú ńlá. Obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀ sọ pé òun máa tọ́jú rẹ̀ dè é títí di ìrọ̀lẹ́ òní. Bí Maryse kò bá pè kó tó di alẹ́, ẹlòmíràn ló ń wọ̀ ọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó pè, nítorí a kì í ta ilé mọ́ onílé lórí.

Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa nínú ọkọ̀. Ìyá dá gbé. Ìyá ṣubú lẹ́ẹ̀kan nígbà òtútù tó kọjá, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó rọ́gbọ́n dìde. Bí ó bá kú lóru, ta ni yóò mọ̀? Vaubrune níbi tí ìyá ń gbé kì í ṣe ìlú tí wọ́n bí Maryse sí mọ́. Àárọ̀ kùtù ni gbogbo àwọn tó ṣì lágbára ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, alẹ́ ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n á kàn gba inú mọ́tò wọlé. Àwọn ilé tuntun tó yí ìlú po, iná mànàmáná ló ń ṣí fèrèsé wọn. Aago méje bá lù, gbogbo rẹ̀ á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìbáà jẹ́ onílé wà láàyè, ìbáà jẹ́ pé kò sí. Àdúgbò àtijọ́ níbi tí Fernande ń gbé nìkan ni wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ti pákó.

Bí wọ́n ti ń jẹun lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Maryse la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìyá fi nǹkan mìíràn dí i lẹ́nu.

"Fèrèsé ilé tìrẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọn ò tíì wá, Màmá."

"Láti oṣù kẹjọ?"

"Ó há sísàlẹ̀ ni, kò gbéra. Mo kàn máa ń tan iná."

Fernande fi ṣíbí ro ọbẹ̀ àlùbọ́sà eléwé tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ìlú ńlá. Ẹ̀mí ṣì wà lára yín, ẹ ti ń gbé inú àpótí."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ojú ọ̀nà, ó na àgbọ̀n sí ilé tó wà ní òdìkejì. "Anselme pẹ́ kó tó ṣí tiẹ̀ láàárọ̀ yìí. Orúnkún ló ń dà á láàmú. Ó yẹ kó máa fi omi gbígbóná jó o."

"Ẹ sọ fún un."

"Èmi? Kí n bá ta ni sọ̀rọ̀?"

Gbogbo Vaubrune ló mọ ìjà náà. Nígbà tí ọkọ Fernande, Lucien, ṣì wà láyé, Fernande ń sin ehoro, mẹ́fà sì ti sanra fún ọdún Àjíǹde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá gbogbo wọn nílẹ̀, ọrùn wọn ti já. Fernande ní ajá Anselme ni. Anselme ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ajá náà ti kú, Lucien ti kú, Simone ìyàwó Anselme náà ti kú, wọn ò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó sí òdìkejì ara wọn ni, ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Àṣà àgbàlagbà tí kò ríṣẹ́ ṣe ni Maryse ka èyí sí, pé kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀.

Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé àpò. Ìyá fẹ́ràn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́sàn-án, kí èèpo rẹ̀ ṣì máa dún lẹ́nu. "Tí ó bá jí," ó sọ fún ara rẹ̀, "tí a bá mu kọfí, màá sọ ọ́. Kò ní kọjá ìgbà yẹn."

Nígbà tó jáde, ó rí i tí aṣọ fèrèsé òdìkejì mì. Anselme dúró sẹ́yìn dígí, gíga, gbígbẹ bí òpó. Maryse juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ó kàn rọra ṣí fìlà lórí, ó sì mú un mọ́ àyà. Maryse rò pé ìkíni ni. Ó ń sọ ọ́ lọ́kàn bó ti ń lọ pé ọjọ́ ogbó ti sọ Anselme di oníwà pẹ̀lẹ́.

Ìtàkùn ara ògiri ti wọ́ ewé dànù. Kò sí ọmọdé lójú ọ̀nà. Ilé ẹlẹ́ran ti di ibi tí wọ́n ń ta ilé, ilé tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ti di ògiri lásán. Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù, kò sì dà bí ẹni pé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ní ilé oníbúrẹ́dì, ó gbọ́ ohùn láti ìta, ṣùgbọ́n bí ó ti ti ilẹ̀kùn ni ohùn dákẹ́. Josiane tó ni ilé búrẹ́dì wà lẹ́yìn tábìlì. Ìyá arúgbó kan tó fi agbọ̀n kọ́ apá dúró níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó.

Josiane jáde sí i láti ẹ̀yìn tábìlì, ohun tí kì í ṣe fún oníbàárà kankan. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tirẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìyẹ̀fun sì kù lára kóòtù Maryse níbi tó dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n Maryse. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ mà pẹ̀lẹ́ gan-an."

"Kí ló dé?"

"Ṣé wọn ò jìyà?"

"Àwọn ta ni?"

Ìyá alágbọ̀n ló dá a lóhùn. "Màmá rẹ kẹ̀. Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni mo rí fèrèsé. Mo ní, hàà, Fernande náà ti lọ. Àárọ̀ àná ló ṣì bú mi pé mo ra ànàmọ́ tó ti hù. Mo ya àgbélébùú sára níbi tí mo dúró sí."

"Màmá mi ń sùn," ni Maryse wí.

Wọ́n wo ara wọn. Josiane wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé ojú ọ̀nà ni. Lójú ọ̀sán gangan."

Ìgbà yẹn ni Maryse tó rántí.

Ó rántí bí òun ti ń gun ọ̀nà yìí bọ̀ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, lọ́jọ́ tí bàbá òun dákẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ló ti rí pákó méjèèjì tó pàdé ara wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọ̀ láti rìn. Ní àdúgbò àtijọ́, alẹ́ ni wọ́n ń ti fèrèsé ojú ọ̀nà, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Bí ó bá padé lọ́sàn-án, òkú wà nínú ilé, ẹni tó bá ń kọjá á ṣí fìlà. Ó mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ìlú ńlá ló fọ̀ ọ́ kúrò lórí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi ti ń fọ àwọ̀ aṣọ.

"Màmá mi ń sùn," ó tún wí, ó já búrẹ́dì gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Òkè ni ọ̀nà náà padà sí. Ẹni ọgọ́ta ọdún kì í sáré gòkè kí àyà rẹ̀ má jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ló ń já a láyà. Ṣé òun rí i tí àyà ìyá ń gbéra? Aṣọ lòun fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ náà gbóná àbí ó tutù? Bí gbogbo ìlú bá ní ènìyàn kú, ta ni ènìyàn tí yóò ní òun ò kú? Láàárín gbogbo ìyẹn ni èrò kan yọ́ wọlé, kékeré, bí eku tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn: bó bá jẹ́ pé ó ti lọ ní tòótọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí o máa sọ mọ́. Maryse kórìíra ara rẹ̀ nítorí èrò náà. Síbẹ̀ kò lè lé e jáde.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Òórùn kánfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin.

Anselme dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn nínú òkùnkùn. Kóòtù dúdú tó wọ̀ nígbà ìsìnkú Simone ló wọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kò bára mu. Ó ti tan àbẹ́là kan sórí tábìlì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di àwo tíì kékeré mú, omi mímọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀ka igi tútù, èyí tí Fàdá bù kún ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tí olúkúlùkù ń gbé kọ́ sára àgbélébùú nílé rẹ̀ de ọjọ́ tí ikú bá kàn án.

"O ti lọ nìyẹn, Fernande," ó ń wí. "O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ. Bí o ti máa ń ṣe nìyẹn. Ta ni kí n máa wò báyìí?" Ó fa imú. "Ajá ni. Mo rí irun funfun lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fọ̀ ọ́. Ojú ló tì mí."

Ó ki ẹ̀ka bọ omi, ó sì wọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì lórí Fernande, láti òkè sísàlẹ̀, láti apá kan sí èkejì.

"Ta ló ń rọ òjò sí mi lójú?"

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Anselme, ó fọ́. Ó fà sẹ́yìn débi tó fi ìdí lu tábìlì. "Jésù, Màríà!"

Fernande nu ojú. Ó wo àbẹ́là. Ó wo kóòtù. "Anselme? Aṣọ òkú lo wọ̀ yẹn. Ta ló kú?"

"Ìwọ."

Fernande rò ó wò fúngbà díẹ̀. "Èmi? Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Anselme fi ẹ̀ka náà nawọ́ sí fèrèsé. Fernande yíjú sí pákó tó padé, ó yíjú kúrò níbẹ̀, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti búrẹ́dì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò béèrè nǹkan kan mọ́.

"Ọjọ́ a kú là á dère," ó wí. "Gbogbo ọdún tí mo fi wà láàyè, o ò rí ọ̀nà gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí. Mo sun oorun díẹ̀, o ti dé tòun ti omi. O ò tiẹ̀ fá irùngbọ̀n rẹ."

"Mo sáré ni."

"Kí lo sọ nípa ehoro?"

Iná àbẹ́là mì. Anselme tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wo àwo tó fọ́.

"Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Fernande wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i.

Maryse lọ ṣí fèrèsé. Ìkọ́ náà kò janpata mọ́. Ó ti pákó méjèèjì sẹ́yìn dé ara ògiri kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Oòrùn ti kúrò níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Ó gbá àwo tó fọ́, ó sè kọfí. Anselme ní kò le tó, pé Simone ì bá ti dà á nù. Fernande ní kó lọ bá Simone bù ú wá. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n jókòó, wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ kọfí, olúkúlùkù ń wo inú ife tirẹ̀.

Maryse sin ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Anselme dì í mú léjìká.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Àyà mi ò gbé e. Láti ìgbà tí Simone ti lọ, tí mo bá jí, n kì í dáná títí fèrèsé yẹn á fi ṣí. Tó bá ṣí, mo máa ń mọ̀ pé a tún rí ọjọ́ kan sí i."

Nígbà tí Maryse padà wọlé, Fernande ti pa àbẹ́là. Ó ti ká ọwọ́ lé itan.

"Sọ ọ́ wàyí," ó wí. "Láti òwúrọ̀ lo ti ń ká aṣọ ìnuwọ́ yẹn, tí o tún ń tú u."

Maryse sọ ọ́. Ó sọ nípa yàrá, nípa àwọn nọ́ọ̀sì, nípa oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá dé ibùsùn, nípa bí òun á ṣe máa wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ta ọjà. Ìyá kò dá a lẹ́nu dúró.

"Fèrèsé yàrá náà, ibo ló kọjú sí?"

"Ẹ̀yìn ilé, Màmá. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí."

"Ta ló wà ní òdìkejì?"

Maryse kò mọ̀.

"Mi ò sọ pé mi ò lọ," ni Fernande wí. "Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ibi tí igi ìdáná wà mọ́ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi náà ń kú. Bí o bá ní kí n lọ, màá lọ, n kò ní sunkún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni màá sọ fún un." Ó na àgbọ̀n sí òdìkejì ọ̀nà. "Ìwọ ni kí o lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀, kí o sọ pé láti ọ̀la lọ, kó dáná rẹ̀ láìwo ibí."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló burú.

Maryse wọ kóòtù, ó fi ẹnu kan ìyá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Awọ ojú náà rọ̀, ó tutù, òórùn àlùbọ́sà àti omi mímọ́ wà lára rẹ̀. Ó gbé àpò, nítorí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn Anselme, lẹ́yìn náà yóò pe obìnrin ilé arúgbó. Ó dúró láàárín ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ó gbọ́ ìró ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ na apá jáde, apá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọwọ́ aṣọ òtútù, ó fa pákó kan, ó sinmi, ó fa èkejì. Wọ́n pàdé pẹ̀lú igbe wọn. Ìgbà yẹn gan-an, ní òdìkejì, ni apá mìíràn nà jáde. Apá náà ti wà lórí pákó rẹ̀ tipẹ́, ó ń dúró. Anselme fa tirẹ̀, ó sì padé. Kò wo Maryse. Bóyá kò tiẹ̀ rí i. Ìró kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ọ̀nà wá dúdú.

Maryse dúró fúngbà díẹ̀ láàárín fèrèsé méjèèjì. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kò ní ṣí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Kò kan ilẹ̀kùn kankan. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀, ó sì fi fóònù pe ìlú ńlá.

"Ẹ fún ẹlòmíràn," ó wí.

"Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?" ni obìnrin náà bi í. "Ṣé ẹnìkan wà nítòsí wọn?"

"Ó wà."

"Ọmọ wọn ni, àbí ẹbí?"

"Rárá. Òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé."

Ọkọ̀ ojú irin dé, iná inú rẹ̀ funfun. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì tú ká láìkí ara wọn. Maryse jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Nígbà tí Vaubrune lọ tán, kò sí ohun mìíràn nínú dígí náà ju ojú tirẹ̀ lọ.

Ó ro ilé tó ń lọ. Ó ro ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, tó ní orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ó gbìyànjú láti rántí ẹyọ kan, kò rántí. Ó wá ro fèrèsé rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló kọjú sí. Fèrèsé àwọn ẹlòmíràn pọ̀ lọ jàra ní òdìkejì. Oṣù kẹjọ ni tirẹ̀ ti wálẹ̀ tó há, kò sì tíì gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ìgbà náà.

Oṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú. Oṣù kọkànlá la wà yìí. Kò sí ẹni tó tíì wá wọ́n omi sí òun lára.